Èdè Wa àti Owó Ìdánwò: Ìtàn Ìṣòro Kan nínú Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ń mú wá nípa ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan wà tí ó ti pẹ́ ju ìyókù lọ. Ẹ̀sùn náà ni pé ọmọ a máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, a máa kàwé sókè bí ayékòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ìtumọ̀ ohun tí ó kà, ẹnu rẹ̀ a wọ̀. Àwọn kan wí pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru olùkọ́. Àwọn mìíràn ní ìjọba ni kò náwó tó. Àwa kò wí pé kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti dúró níwájú kíláàsì fún ọdún púpọ̀ kí a tó yàn wá sí iṣẹ́ àlùfáà, tí a sì ń bójútó ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní, rí i pé gbòǹgbò ọ̀ràn náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀. Òun ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ìjọ wa ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ní rere àti ní búburú.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Àwọn ti C.M.S. tẹ̀lé wọn ní oṣù kìíní ọdún 1845. Ní ọdún 1846, Àlùfáà Henry Townsend àti Àlùfáà Samuel Ajàyí Crowther wọ Àbẹ́òkúta. Ní ọdún 1853, Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, wọ́n sì kó àwọn ọmọ jọ sọ́dọ̀ ara wọn ní Kúdẹtì. Níbi gbogbo tí wọ́n dé, ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ìbéèrè kan náà sì ń dìde níbi gbogbo: èdè wo ni a ó fi kọ́ àwọn ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo Crowther fúnra rẹ̀. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1822. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ ní ìwé, nítorí pé kò tí ì sí ìwé Yorùbá tí a lè fi kọ́ ọmọ nígbà náà. Ó gbọ́ èdè náà dé ojú àmì, a sì fi í jẹ àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1843. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti wí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó, òun ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1843 kan náà ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, fún àwọn ènìyàn wa tí a ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní ọdún 1850 a tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ ti Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde. Ní ọdún 1875 a ṣe àpérò ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀, òun sì ni aṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo Bíbélì wà ní èdè Yorùbá. Crowther kò kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà pé ènìyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lára èdè àlejò kí ó tó mọ ohun tí a ń wí.

A kò gbọ́dọ̀ fi ìhà kejì bò. Àwọn Sàró tí ó padà wá sí Èkó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ wọn, wọn kò sì jẹ̀bi. Òun ni èdè òwò, ti ilé-ẹjọ́, àti ti iṣẹ́ akọ̀wé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni C.M.S. ṣe dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859 lábẹ́ Àlùfáà T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1859 kan náà ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Àbẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Nígbà náà, èdè méjèèjì ń rìn pọ̀, kò sí èyí tí ó lé èkejì jáde kúrò nílé.

Ohun kan sì wà tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn kì í sábà kà sí ẹ̀kọ́, èyí nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Níbẹ̀ ni àgbà ọkùnrin àti obìnrin ti ń fi ìwé A B D kọ́ láti kàwé, kí wọ́n lè ka Ìwé-Mímọ́ kí a tó ṣe ìrìbọmi fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀, alágbàṣe, alájàpá àti aláró. Wọn kò ní ju wákàtí bíi mélòó kan lọ́sẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kàwé, ohun tí wọ́n kà sì yé wọn. Gbogbo wa ni a mọ ìyá àgbà kan rí nínú ìjọ wa tí kò jókòó sí kíláàsì rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá geere, tí ó sì lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ tí ó ti dé ìwé mẹ́fà. Èyí yẹ kí ó ti jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa.

Òfin Ọdún 1882

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861. Fún ìgbà pípẹ́ ó fi ọ̀ràn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ìjọ. Láti ọdún 1877 ni ó ti ń fún ìjọ mẹ́ta, C.M.S., Mẹ́tọ́díìsì àti Àgùdà, ní £200 lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọdún 1882 ó ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Èkó sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1887, lẹ́yìn tí a ti ya Èkó kúrò lára Gold Coast, a ṣe òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin wọ̀nyí yan olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé apá kan nínú owó ìrànwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà yóò wà ní ìbámu pẹ̀lú iye ọmọ tí ó bá yege níwájú olùbẹ̀wò náà. Kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìṣirò ni a ń sanwó fún. A kò sanwó fún Yorùbá.

Kì í ṣe ọkàn búburú ni ó bí òfin yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ni a ti ń fi owó wọn ìdánwò láti ọdún 1862, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì kígbe nítorí rẹ̀ títí a fi fi í sílẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ dáhùn ìdánwò tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Wales, tí a kò ka èdè tiwọn náà sí ohun tí a ń sanwó fún, ni ìyà wọn jọ tiwa.

Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Èkó nígbà náà. Ó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú rẹ̀. Owó ọ̀yà rẹ̀ kéré, ìjọ tí ó gbà á síṣẹ́ kò sì lówó púpọ̀. Olùbẹ̀wò yóò dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọmọ bá ka ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀, owó yóò wọlé. Bí ọmọ bá fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó kà, owó kankan kò ní í wọlé. Kí ni olùkọ́ yìí yóò ṣe? Yóò mú kí àwọn ọmọ há ìwé náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá tilẹ̀ yí ìwé náà lórí dojú bolẹ̀, wọn yóò kà á. A kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí a bá ń sanwó fún ni olùkọ́ yóò kọ́.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Kí ọdún 1882 tó dé, àwọn ìjọ ń jiyàn láàárín ara wọn lórí èdè tí ó yẹ. Lẹ́yìn ọdún náà, àpò owó ni ó parí ìjà náà. Láti ìgbà náà ni ìjọ kan náà ti ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ oríṣi méjì: ní ọjọ́ ìsinmi, ó ń fi Yorùbá sọ àgbà di ẹni tí ó ń kàwé, ní ọjọ́ Ajé, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọmọdé di ayékòótọ́. Nígbà tí ó sì pẹ́, àwa fúnra wa gbàgbé pé owó ni ó fà á. A wá rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọgbọ́n, àti pé Yorùbá ni àìmọ̀kan. Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Ìgbà tí Èrò Yí Padà

Àwọn kan kò dákẹ́. Ní ọdún 1920 sí 1921, ẹgbẹ́ tí Phelps-Stokes Fund ti Amẹ́ríkà rán jáde, tí Ọmọ̀wé Aggrey ti ilẹ̀ Gold Coast wà nínú rẹ̀, rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wo ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1922. Wọ́n ní kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ìsàlẹ̀. Ní ọdún 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́nù fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìlànà tí ó fi ọ̀wọ̀ fún àwọn èdè ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kò yí ohun tí ìdánwò ń béèrè padà, nítorí náà kò yí iṣẹ́ olùkọ́ padà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun ńlá ni. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954. Ó fò sókè ju 811,000 lọ ní ọdún 1955. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́jà rí àyè jókòó. A kò ní í dẹ́kun láti dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó ti wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ti gbogbo ilẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí a kó síṣẹ́ ní kánkán kò gba ìmúrasílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò fi kọ́ni kò sì yọ̀ mọ́ àwọn fúnra wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán ohun mìíràn wò. Wọ́n mú ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni àbájáde rẹ̀? Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ ìyókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ará, ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ Stéfánù mímọ́ ni a ti ṣe èyí, kì í ṣe ní òkèèrè.

Láti ọdún 1977 ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti wí pé kí a fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2018 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ máa kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi kọ́ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò níbi tí a ti ń lo èdè ìyá. Àwa bọ̀wọ̀ fún àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò béèrè pé: níbo ni a ti fi èdè ìyá kọ́ni ní òtítọ́, pẹ̀lú ìwé tí ó pé àti olùkọ́ tí a kọ́ fún un, bí a ti ṣe ní Mọdákẹ́kẹ́? Èdè wo sì ni a fi ṣe ìdánwò tí wọ́n fìdí rẹmi nínú rẹ̀? Olùbẹ̀wò ọdún 1882 ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ohun tí Àwa Fi Ojú Rí

Kò yẹ kí a sọ ti àwọn ẹlòmíràn kí a má sọ tiwa. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ gba iṣẹ́ olùkọ́, a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí òfin rẹ̀ wí pé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá yóò kúnlẹ̀ níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ní ọjọ́ kan a ń kọ́ àwọn ọmọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí omi ti ń kúrò lára ohun tútù tí a bá sá sí oòrùn. A bi ọmọkùnrin kan léèrè ibi tí omi inú aṣọ lọ. Ó dìde, ó wo ilẹ̀, kò fọhùn. A ní kí ó jókòó. Nínú ọkàn wa a ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tí orí wọn kú.

Nígbà ìsinmi ráńpẹ́ a gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní bí ìyá òun bá sá èlùbọ́ sórí àpáta, oòrùn a máa fa omi inú rẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ó ní ní ìgbà ọyẹ́ ó máa ń yá gbẹ ju ìgbà òjò lọ, bí oòrùn tilẹ̀ ràn ní ìgbà méjèèjì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ afẹ́fẹ́ ìgbà ọyẹ́. Ohun tí ó sọ yìí kò sí nínú ìwé tí a ń lò. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó rò ó, ó sì dé ìdí rẹ̀.

Òfin ni òfin. A pè é wọlé, a sì mú un kúnlẹ̀. Kì í ṣe nítorí àìmọ̀ ni ó ṣe kúnlẹ̀, nítorí ìmọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá láti ìgbà náà, ojú sì ń tì wá síbẹ̀. A kò mọ iye ọmọ tí àwa àti àwọn tí ó ṣáájú wa ti pa lẹ́nu mọ́ ní ọ̀nà yìí, tí a sì kọ sínú ìwé pé wọn kò gbọ́n.

Ìbéèrè Àwọn Òbí

Àwọn òbí yóò bi wá pé: ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ wa má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni? Rárá o. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ẹjọ́, ti yunifásítì, ti iṣẹ́ ìjọba, òun sì ni àwa àti Haúsá àti Ìgbò fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ yóò jìyà. Ohun tí ìtàn Crowther àti ti Mọdákẹ́kẹ́ fi hàn ni pé ẹni tí ó bá ti dúró gbọnyin nínú èdè kan ni ó rọrùn fún láti na ọwọ́ mú òmíràn. Ilé tí a bá fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, kò lè dúró.

Wọn yóò tún wí pé ní ìlú ńlá, ọmọ inú kíláàsì kan lè ti ilé èdè mẹ́rin wá. Òtítọ́ ni. Ìṣòro gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé èdè àdúgbò àti Gẹ̀ẹ́sì yóò máa rìn pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro àwọn ìlú ńlá kò yẹ kí ó jẹ́ àwíjàre fún abúlé tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń sọ, láti ẹnu olùkọ́ dé ẹnu ẹni tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ó Wà ní Ìkáwọ́ Wa

Òfin ìjọba kò sí ní ìkáwọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ńlá. Ṣùgbọ́n ìjọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lónìí. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ohun tí a ń sanwó fún ni olùkọ́ yóò kọ́, ẹ jẹ́ kí a yí ibi tí ọlá wa ń lọ padà. Ní ọjọ́ ìpínṣẹ̀bùn, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn fún ọmọ tí ó lè ṣàlàyé ohun tí ó kọ́ ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún ọmọ tí ó há ewì Gẹ̀ẹ́sì sórí. Ẹ jẹ́ kí a yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń béèrè ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí a pa òfin ìkúnlẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí ó ti di Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ ìjọ ìlú ńlá, ẹ jẹ́ kí ó tún di ibi tí ọmọ ti ń kọ́ A B D.

Ó ku ilé tiwa. Púpọ̀ nínú àwa àlùfáà àti ẹ̀yin olùkọ́ ni ọmọ wa kò lè ka ẹ̀kọ́ kìíní ní èdè Yorùbá nínú ìsìn. A ń wàásù ní èdè kan, a sì ń tọ́ ọmọ ní òmíràn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bíbélì tí Crowther fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí wà lára ilé náà.

Nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Jerúsálẹ́mù kún fún àlejò láti ilẹ̀ púpọ̀. A kò kà á níbìkan pé a ní kí wọ́n lọ kọ́ èdè Gálílì ná, kí wọ́n yege, kí wọ́n tó padà wá gbọ́ ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ náà tọ olúkúlùkù wọn wá níbi tí ó wà. Bí Olúwa bá lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti kọ́ wa, kò yẹ kí ó ṣòro fún olùkọ́ kan láti tẹ̀ba, kí ó fi èdè ìyá ọmọ bi í léèrè ibi tí omi inú aṣọ lọ, kí ó sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.